Ọ̀ràn Ègbè Nínú Ẹ̀kọ́ Yorùbá Orí Ayélujára

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni irú ìbáṣepọ̀ tí ó ń wà láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, àti láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí a bá ń kọ́ èdè Yorùbá lórí ayélujára. A kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí bí a ti ń tan kọ̀ǹpútà tàbí bí a ti ń ra dátà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìyẹn jù wá lọ. Ohun tí ó kàn wá, àwa Akọ́mọlédè, ni bóyá ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣeé pè ní ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá rárá.

Orúkọ kan wà tí àwọn bàbá wa fún rédíò. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Gbogbo wa ni a ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, tí a ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ lójú pátákó. Ṣùgbọ́n a kì í sábà dúró wo ohun tí orúkọ náà ń sọ. Kì í ṣe ìyìn. Lójú tiwa, ohun tí ó ya ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ lẹ́nu kì í ṣe pé ẹ̀rọ yìí ń sọ̀rọ̀ láìní ẹnu. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé ó lè máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó má sì dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi dá a lóhùn. Bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa, a ó ní kò mọ̀wàáhù, tàbí kí á ní orí rẹ̀ kò pé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa ní Nàìjíríà, asọ̀rọ̀mágbèsì yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá sá tọ̀ lọ. Wọ́n fi rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ọmọ. A kò bá wọn wí. Ilé ń jó lọ́wọ́, ohun tí ó bá wà nílẹ̀ ni a fi ń pa iná. Kò sì jẹ́ ohun tuntun, nítorí pé láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 ni ètò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ti jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ìdánwò WAEC ti ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ. Ó di dandan kí àwọn ọmọ rí nǹkan kà. Ẹjọ́ tí a ní kì í ṣe pẹ̀lú rédíò. Ẹjọ́ wa ni pé nígbà tí a kúrò lórí rédíò tí a bọ́ sórí Zoom, Google Classroom àti WhatsApp, tí í ṣe àwọn ohun èlò tí ó lè gba èsì, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbé ìwà rédíò lọ síbẹ̀.

Bí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti ń lọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Olùkọ́ wọlé, ó kí àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa ohùn gbogbo wọn kí ariwo má baà pọ̀. Ó gbé nóòtì rẹ̀ síwájú, ó ń kà á. Bí ó bá kà á dé ibì kan, yóò béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Àwọn tí a ti pa lóhùn kò lè fèsì. Olùkọ́ ní, "Ó dáa," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá parí, yóò fi iṣẹ́ àmúrelé ránṣẹ́, yóò sì ti kíláàsì. "Ṣé ó yé yín?" yìí ni ó dùn wá jù. Ní ti gírámà, gbólóhùn ìbéèrè ni. Wúnrẹ̀n aṣèbéèrè wà níbẹ̀ gedegbe. Ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ìdáhùn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀: wọn yóò ká ara wọn sílẹ̀ nínú fídíò, wọn yóò fi í ránṣẹ́. A kò sọ pé fídíò kò dára. Ó dára bí ìwé ti dára. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a padà wò, bí ó ti lè ṣí ojú ìwé padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í ra ìwé kí ó ní òun ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wa gbà pé jíjìnnà ni ó fa gbogbo èyí, pé ẹni tí kò sí níbì kan, kò sí níbẹ̀ náà nìyẹn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ń bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀. Ẹ rántí àrokò. Ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, ẹ̀fà ni ó fi ránṣẹ́: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni náà bá gbà, yóò fi mẹ́jọ ránṣẹ́ padà: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ohun tí a máa ń gbójú fò nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní èyí ni mẹ́jọ tí ó padà wá. Mẹ́fà tí kò rí mẹ́jọ, àrokò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kò tíì sí níbẹ̀. Ojú ọ̀nà gígùn tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò dí ìdáhùn lọ́wọ́.

Ègbè

Bí a bá wo lítíréṣọ̀ alohùn wa fínnífínní, a ó rí i pé agbára tí olùgbọ́ ní níbẹ̀ pọ̀ ju bí àwọn ìwé wa ti ń sọ lọ. Apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi dá "Ààlọ́ o" rẹ̀ lóhùn. Bí ìdáhùn náà bá rẹlẹ̀, yóò tún un pè. Nínú orin inú àlọ́, ti apàlọ́ ni lílé, ti àwọn ọmọ ni ègbè. Ẹni tí ó lé orin tí kò rí agberin, ìtìjú dé bá a. Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ ni ìyẹ̀rẹ̀ Ifá. Nígbà tí babaláwo kan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbè é ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣì í, wọn kò ní í gbè é; wọn yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ègbè níbẹ̀ kì í ṣe ti adùn nìkan. Ìdánwò ni. Àwọn tí ó ń gbè ni olùdánwò, ẹni tí ó ń sun ìyẹ̀rẹ̀ ni a sì ń dán wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi èyí wé kíláàsì tí a ṣàpèjúwe lókè, níbi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ti kọ́kọ́ gba ohùn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó lè sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ẹ̀rọ kò fẹ́ràn ègbè. Ohùn ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í dé Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. Ó ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, pípẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba. Yàtọ̀ sí èyí, irú ohun èlò bíi Zoom a máa gbé ohùn ẹnìkan ga, a sì máa tẹ ti àwọn ìyókù rì. Bí ọmọ mẹ́wàá bá jọ gbè, ìró jákujàku ni ó ń dé etí olùkọ́. Ohun tí ó mú kí ó sú ọ̀pọ̀ olùkọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí, tí wọ́n fi padà sí pípa ohùn àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó kọ ègbè àjọgbè kò kọ ègbè ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ń yan ẹni tí yóò gbè kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan fún ìlà kan, a sì ń yí i ká. Àwọn tí kò tíì kàn ń gbè nínú ilé wọn láìsí pé ohùn wọn jáde. Ìyá wọn ń gbọ́ wọn, àbúrò wọn náà sì ń bá wọn gbè. Àyè sì wà fún ẹnikẹ́ni láti kọ̀ láti gbè bí lílé kò bá tọ́, ì báà ṣe olùkọ́ ni ó ń lé e. Ní ọjọ́ kan a mọ̀ọ́mọ̀ fo ìlà kan. Ọmọ ọdún 11 tí ó kàn dákẹ́. A tún un lé, ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ọ̀kan." Ẹni tí ó bá ti kọ́ni pẹ́ yóò mọ iye tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó, pàápàá láti ẹnu ọmọ tí kò tíì sọ ju "yes sir" lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Láàárín ọ̀sẹ̀, WhatsApp ni a ń lò, ohùn àgbàsílẹ̀ ni ó sì wúlò jù níbẹ̀. Kì í jẹ dátà bíi fídíò, kò sì béèrè pé kí gbogbo ènìyàn ráyè ní wákàtí kan náà. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń ṣe é: ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ni yóò pa òmíràn. Olùkọ́ kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ ju kí ó máa gbọ́ lọ. Àwọn ọmọ tí kì í la ẹnu ní ojú gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé wọ́n lè gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó fi èyí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn ránṣẹ́. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára, ìró s, ṣ àti f a máa jọra létí. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni kì í sábà sọnù. Kí olùkọ́ tó bá ọmọ wí lórí ìró, kí ó rí i dájú pé ẹnu ọmọ ni ó ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ìkíni

Ibi tí a ti rí i pé ẹ̀kọ́ orí ayélujára tilẹ̀ lè ju ti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ ni orí ọ̀rọ̀ ìkíni. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ìwé wa ti ń kọ́ni ní ìkíni kò yí padà: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ káalẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó to ìkíni oníṣẹ́-ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn. Ọmọ há a sórí, ó kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó gba máàkì.

Ní ọjọ́ Sátidé, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ní kíláàsì kan tí ó ní àwọn ọmọ láti Ìbàdàn, láti Lọ́ńdọ̀nù àti láti New York, pẹ̀lú àgbàlagbà kan láti Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilẹ̀ Bùràsíìlì. Nígbà tí agogo mẹ́fà bá lù ní Ìbàdàn, agogo méjì ọ̀sán ni ní Salvador. Ní New York, agogo méjìlá ọ̀sán ni ní ìgbà òtútù wọn, agogo kan ni ní ìgbà ooru. Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ó sún mọ́ wa. Ìkíni wo ni ó yẹ kí ọmọ New York fi kí olùkọ́ rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn? Ìwé kò sọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ: ṣé àkókò ẹni tí ó ń kíni ni a ó lò ni, tàbí ti ẹni tí a ń kí? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn, ọmọ New York kan wí pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ọ̀dọ̀ yín o, sà." A kò rí ìkíni yìí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n Yorùbá ni láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. A bi ẹ̀yin olùdánwò léèrè: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀, ẹ ó ha fún un ní máàkì bí? Ẹ̀rù ń bà wá pé yóò pàdánù rẹ̀, nítorí pé kò sí nínú ìlànà ìdáhùn tí a fi lé yín lọ́wọ́.

Ìṣẹ̀dá ìkíni Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó ti ọmọ náà lẹ́yìn. Ohun tí ó lè tẹ̀ lé "kú" kò lópin. Ohunkóhun tí ó bá ń bá ẹni tí a ń kí fínra, tàbí tí ó ń dùn mọ́ ọn nínú, lè tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kò sí bí a ti lè kí ènìyàn kúnná ní Yorùbá láìmọ ipò tí ó wà. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún kíláàsì tí olúkúlùkù wà ní ilé tirẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́, òjò kan náà ni ó ń rọ̀ lé gbogbo wa lórí, ooru kan náà ni ó ń mú wa; kò sí ohun tí ọmọ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í. Lórí ayélujára, ó ní láti béèrè. A wá sọ ọ́ di òfin pé kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnìkejì, kí ó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan nípa ibi tí ó wà. Ọmọ Ìbàdàn gbọ́ pé yìnyín ti bo ojú ọ̀nà ní New York, ó ní, "O kú òtútù o." Ọmọ New York gbọ́ pé láti àná ni iná mànàmáná kò ti sí, pé iná fóònù ni ẹnìkejì òun fi ń ríran, ó ní, "O kú òkùnkùn o." Àwọn ìyókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìbàdàn kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "A dúpẹ́." Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wọn láìjẹ́ pé a rán wọn níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà Salvador yàtọ̀. Ó mọ mo júbà kí ó tó mọ ẹ káàsán, nítorí pé inú orin òrìṣà ni èdè Yorùbá ti bá a nílé. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí 1960 ni Olóògbé E. L. Laṣebikan, tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohùn nínú ewì Yorùbá, ti lọ kọ́ni ní Yorùbá ní Yunifásítì Bahia. Olùkọ́ ni ó rékọjá òkun nígbà náà. Nígbà tí a dé orí ìjúbà nínú ìwé, àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ohun tí ó jẹ́, a sì ní kí òun ṣàlàyé fún wọn. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ó ń wá ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń fi ọ̀rọ̀ ràn án lọ́wọ́; wọ́n ní ọ̀rọ̀, òun ní ìtumọ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a kò sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ó dára jù lọ ní sáà náà. Bàbá Bahia ni wọ́n ń pè é báyìí. Àwa kọ́ ni a ní kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kéré, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á fò ó. Orúkọ tí ẹ̀rọ ń gbé jáde kì í sábà jẹ́ ti ọmọ. Ti fóònù ni, tàbí ti ìyá rẹ̀. A ti gbọ́ tí olùkọ́ kan ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ní "iPhone". Kí ọmọ tún un kọ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì fi oríkì àbísọ rẹ̀ kún un. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó bi ìyá rẹ̀ àgbà. Àmì ohùn tí a ń bá wọn jà lé lórí lọ́dọọdún, wọn kì í fò ó lórí Àbẹ̀ní tàbí Àyìnlá tí í ṣe tiwọn. Ní ti ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, a ti yọ̀ǹda wọn: ọmọ tí ó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà ti pòórá, àga òfìfo ni ó kù tí a ń wò.

Ojú tí kò hàn

Àwọn olùkọ́ kan ti sọ fífi ojú hàn di òfin, wọ́n sì ń lé ẹni tí kò bá tan kámẹ́rà rẹ̀ jáde. A kò fara mọ́ èyí. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tí ó dákẹ́ àti ọmọ tí ojú rẹ̀ kò hàn. Owó dátà ń pa àwọn kan. Àwọn mìíràn kò fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ wọn rí yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí. Olùkọ́ tí ó bá fi agbára ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo kíláàsì wò ti ba ohun tí ó ní òun ń kọ́ jẹ́. Ohùn ni èdè Yorùbá. Bí a bá ti ń gbọ́ ohùn ọmọ, ó wà láàárín wa.

Àtakò tí ó lágbára jù sí gbogbo ohun tí a ti ń sọ yìí ti ọ̀dọ̀ tiwa náà wá. Ìdánwò àṣekágbá tí a ń ṣe fún èdè Yorùbá, láti orí ìbéèrè tí a ń yan ìdáhùn rẹ̀ títí dé orí àròkọ, orí ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ibi tí etí olùdánwò ti ń gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ìkíni mọ̀ pé sílábọ́ọ̀sì ń dúró de òun, òbí sì ń bi í pé kí ni ègbè fẹ́ ṣe nínú ìdánwò. A kò ní í ṣe bí ẹni pé ìbéèrè òbí yìí kò nítumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé èdè Yorùbá kì í ṣe dandan mọ́ fún ọmọ tí ó wà ní ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Fún ọmọ tí ó wà ní òkè òkun, kò jẹ́ dandan rí. Ọmọ tí ẹnìkan kò fi dandan mú, ẹni tí ó ń kí i tí òun náà sì ń kí ni yóò mú kí ó padà wá ní Sátidé tí ń bọ̀. Bí kò bá padà wá, sílábọ́ọ̀sì tí a parí, ta ni a parí rẹ̀ fún?

Àbá tí a fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Nínú máàkì ìgbéléwọ̀n tí ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀, kí á yọ 10 sọ́tọ̀ fún ohùn: kí ọmọ lè kí ẹnìkan ní ipò tí ẹni náà wà gan-an, kí ó lè lé, kí ó lè gbè, kí ó sì lè mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó gbè. Kí a sì fi kún ìlànà ìdáhùn pé ìkíni tí ó bá òfin èdè mu gbọ́dọ̀ gba máàkì, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé.

Ó ku ti àkókò. Ìpàdé Zoom tí a kò san owó fún kì í kọjá ìṣẹ́jú 40, kì í sì í dágbére kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ni a ti gé sí àárín gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gbọ̀n ni àwa ti ń dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè dárúkọ ẹnìkan kí ó sì sọ fún un pé ó dàbọ̀, pẹ̀lú àdúrà tí ó bá ohun tí ẹni náà sọ lọ́jọ́ náà mu. Ẹni tí a kò bá dárúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni yóò dárúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méje tó fún ọmọ 12. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa ń pín kíláàsì sí méjì.